Bí a ṣe ń lo “shake-up”, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá tó yéni

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo ń bá àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò yẹ ìwé wọn wò nílùú Abẹ́òkúta níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà gba ìròyìn kan tí àkọlé rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ “Major shake-up in the civil service”, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí “Ìmìtìtì ńlá wáyé lẹ́nu iṣẹ́ ọba”. Iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, n kò ka ìwé rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe kà á sétí aráyé nìyẹn. Kò tó wákàtí kan tí bàbá àgbàlagbà kan fi pè wá láti Láfẹ́nwá, tí ó ń béèrè iye ilé tó wó àti bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. Bàbá náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ lódì. Ẹni tó bá gbọ́ ìmìtìtì ní Yorùbá, ilẹ̀ tó mì ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe akọ̀wé àgbà tí wọ́n gbé láti ilé-iṣẹ́ ètò ìlera lọ sí ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwa tí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni a jẹ̀bi.

Iṣẹ́ sísọ ọ̀rọ̀ ìjọba ní Yorùbá kì í ṣe tuntun ní ìlú yìí. Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ CMS (ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní ọdún 1859, òun sì ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ ní èdè wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó gùn, tó sì le, kọ́ ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Ọ̀rọ̀ tó le máa ń mú kí á dúró, kí á ronú, kí á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ jù wá lọ. Èyí tó rọrùn lójú ni ó ń ti ènìyàn ṣubú. “Shake” àti “up” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀, nítorí náà akọ̀wé a máa rò pé òun ti mọ “shake-up” náà. Ẹ jẹ́ kí á wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

“Shake” ni kí a gbọn nǹkan, tàbí kí nǹkan mì. “Up” ni òkè. Ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀ báyìí yóò gba “gbọ̀n sókè”, kò sì ní rí nǹkan kan mú délé. Ohun tí mo fi máa ń là á yé àwọn akọ́ṣẹ́ ni ìgò oògùn olómi tí à ń fún ọmọdé. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ lórí pẹpẹ, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ á lọ jókòó sí ìdí ìgò, omi á dá wà lókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí á gbọ̀n ọ́n dáadáa kí á tó lò ó. Nígbà tí a bá gbọ̀n ọ́n tán, ìgò kò fọ́, oògùn kò di oògùn mìíràn, ṣùgbọ́n ohun tó ti fi ìdí kalẹ̀ ti kúrò níbi tó fìdí kalẹ̀ sí. Ibi iṣẹ́ tí àwọn kan ti jókòó pẹ́ nínú rẹ̀, tí ètò rẹ̀ ti dì gbagidi, ni èdè Gẹ̀ẹ́sì fi wé irú ìgò bẹ́ẹ̀.

Àwòrán yẹn yé àwọn tó ni ín. Tiwa wà ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta níbí. Ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ rí ní àárọ̀, níbi tí àwọn ìyá aláàdìrẹ ti ń di ẹrù fún oníbàárà tó wá láti òkèèrè, yóò ti rí i pé nígbà mìíràn ẹrù á ti dì tán, okùn á ti fún, kí ẹrù náà tó wá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá kò ní fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lásán. Á tú okùn, á tú aṣọ palẹ̀ lórí ẹní, á yọ èyí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, á gbé èyí tó wúwo sí ìsàlẹ̀, á mú òmíràn jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, á sì tún un dì. Ẹrù oníbàárà yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ìdì rẹ̀ kì í ṣe ti àkọ́kọ́ mọ́. Títú palẹ̀ kí á tún dì yìí ni mo mọ̀ nínú ìṣe wa tó sún mọ́ “shake-up” jù lọ, ó sì sàn ju mímì àti gbígbọ̀n lọ fún ẹni tó fẹ́ kí ará ilé lóye òun. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, èsì mi ni pé àtúntò ńlá ni, tó dé bá ìjọba, ilé-iṣẹ́, ẹgbẹ́ tàbí ètò kan lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì kan ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka inú rẹ̀.

Kí ẹ tó lo ọ̀rọ̀ náà, tàbí kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí wọ́n tún tò náà ṣì wà. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun ti tú ìlú wọn ká, tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, ìyẹn kì í ṣe “shake-up”, bó ti wù kó le tó. Àwọn ìlú àtijọ́ ti parun. Ìlú tuntun ni wọ́n tẹ̀ dó. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ní fún irú èyí ni “upheaval”, èyí tí a lè fi wé ìgbà tí ilẹ̀ ń yí padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun Murtala Muhammed pín ìpínlẹ̀ 12 tó wà ní Nàìjíríà di 19, tí wọ́n la Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́, tí Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, Nàìjíríà náà ṣì ni Nàìjíríà. Àwọn ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn fáìlì àti àwọn ọkọ̀ ìjọba tó wà ní Ìbàdàn ni wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìyẹn ni “shake-up” gidi. Ẹni tó bá gba Òkè-Mọ́sàn kọjá lónìí, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, àyọrísí rẹ̀ ló ń wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ó ti tó. Bí wọ́n bá gbé akọ̀wé àgbà kan ṣoṣo láti ilé-iṣẹ́ ìjọba kan lọ sí òmíràn, ìgbénípòpadà lásán ni, bí akọ̀ròyìn kan bá sì pè é ní “shake-up”, ó ń fi ata sí ọbẹ̀ tí kò ní ẹran. Ẹ fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú yọ mínísítà 5 nípò, tó gbé mínísítà 10 láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, tó sì yan ènìyàn 7 tuntun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà yóò fọwọ́ sí, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà rí ẹrù tó lè gbé.

Ohun tó kù láti wò ni ẹni tó ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, àṣẹ láti òkè ni: ààrẹ, gómìnà, ìgbìmọ̀ olùdarí, ọ̀gá tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Síbẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè fi tipátipá fà á, kò sì sí ibi tí a ti lè rí àpẹẹrẹ rẹ̀ tó dára ju Aké lọ, níbi tí ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, wà. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣáájú wọn, gbógun ti owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣàkóso ìlú nígbà náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, kò sì padà títí di oṣù kejìlá ọdún 1950. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, “The women forced a shake-up of the Native Authority” (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà àwọn òyìnbó) dára gan-an. Ẹ kíyè sí “forced” tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn obìnrin kọ́ ló jókòó buwọ́ lu àtúntò náà, àwọn ni wọ́n mú kó di dandan. Bí a bá kàn kọ “The women carried out a shake-up”, a ti sọ wọ́n di ìjọba.

Ohun kan tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí kì í sọ: kì í sọ bóyá àtúntò náà dára tàbí kò dára. Ẹni tó bá pe nǹkan ní “reform” ti ń ṣèlérí fún wa pé nǹkan yóò sàn. Ẹni tó pè é ní “shake-up” kàn sọ pé wọ́n tú ẹrù palẹ̀ ni. Bóyá ìdì tuntun náà yóò dé ibi tó ń lọ láìtú, kò tíì sọ. Nígbà tí ẹ bá ń túmọ̀, ẹ má ṣe fi “àtúnṣe” sí i láìnídìí, nítorí pé àtúnṣe ní Yorùbá ti dá ẹjọ́ pé ohun tó wà tẹ́lẹ̀ bàjẹ́, àti pé ẹni tó fọwọ́ kàn án tún un ṣe. Akọ̀ròyìn kì í gba ẹjọ́ rò fún gómìnà.

Ọ̀rọ̀ gírámà rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn akọ̀wé wa ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, àmì ìsopọ̀ máa ń wà láàárín rẹ̀, “a shake-up”, bí ó bá sì ju ẹyọ kan lọ, ìparí ni “s” ń wà: “shake-ups”. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa kọ ọ́ pọ̀ nígbà mìíràn bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “shakeup”, èyí tí kò burú, bí a kò bá ti kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì nínú ìwé kan náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, a ó yọ àmì náà kúrò: “The new chairman will shake up the board.” Ohun tó ti kọjá ni “shook up”, lẹ́yìn “has” tàbí “have” ó di “shaken up”, “shaked” kò sí níbìkankan. A lè fi ohun tí wọ́n tún tò sí ẹ̀yìn tàbí sí àárín, “shook up the board” tàbí “shook the board up”, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bí “it” tàbí “them”, àárín nìkan ni ààyè rẹ̀: “shook it up”. Ẹni tó bá kọ “shook up it” ti fi ara rẹ̀ hàn.

Ohun tí wọ́n tún tò ni “of” máa ń ṣáájú, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sì ni “at” tàbí “in” ń tọ́ka sí: “a shake-up of the tax office”, “a shake-up at the ministry”. Wọ́n tún lè fi orúkọ ohun náà ṣáájú, bí “cabinet shake-up” tàbí “management shake-up”, èyí sì ni àwọn olóòtú ìwé ìròyìn fẹ́ràn nítorí pé kì í gba ààyè. Ìjọba a máa “announce” rẹ̀ tàbí “order” rẹ̀, ilé-iṣẹ́ a máa “face” rẹ̀ tàbí “undergo” rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń “make” rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó sábà máa ń bá a rìn ni “major”, “radical” àti “sweeping”. Mo ti rí “minor shake-up” rí nínú ìwé. Gírámà rẹ̀ kò ní àléébù, ṣùgbọ́n létí tèmi, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ní ọ̀wààrà òjò kékeré kan rọ̀.

Fún ẹni tó ń ka ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì sókè, ohùn ọ̀rọ̀-orúkọ àti ti ọ̀rọ̀-ìṣe kì í ṣe ọ̀kan. Àwa Yorùbá ní etí fún un, nítorí pé ibi tí elédè Gẹ̀ẹ́sì bá ti tẹ ohùn mọ́ ọ̀rọ̀ ni àwa máa ń gbọ́ bí ohùn òkè. Nínú “a shake-up”, “shake” ni ó gba ohùn òkè, “up” á lọ sílẹ̀. Nínú “to shake things up”, “up” ni ohùn á gùn lé. Ẹ pe méjèèjì léraléra, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ẹ ṣọ́ra fún “shaken up” nígbà tó bá jẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí ìròyìn bá sọ pé ọkọ̀ kan já sínú gọ́tà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìbàdàn, tó sì parí rẹ̀ pé “the driver was unhurt but badly shaken up”, ohun tó ń sọ ni pé jìnnìjìnnì bo awakọ̀ náà, ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Kò sí ẹni tó tún awakọ̀ tò.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n jẹ́ ìbátan “shake-up”, tí àwọn ènìyàn sì máa ń fi rọ́pò rẹ̀ láìbìkítà. “Reshuffle” ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi káàdì ṣeré ni ó ti wá. Ẹni tó ń po káàdì kò fi ẹyọ kan kún un, kò sì yọ ẹyọ kan. Ó kàn mú kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ tí wọn kò sí tẹ́lẹ̀ ni. Nítorí náà, “cabinet reshuffle” gan-an ni kí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ di ti iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ti iṣẹ́ àgbẹ̀ di ti eré ìdárayá, kí gbogbo wọn sì wà nínú ilé. Bí ẹ bá padà sí ọ̀rọ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, mínísítà 10 tí wọ́n gbé láti ibì kan sí ibòmíràn nìkan ni ó jẹ́ káàdì pípò. Àwọn 5 tó lọ sílé àti àwọn 7 tó ń bọ̀ ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà tóbi ju káàdì lọ. Ìwé ìròyìn a máa pe irú rẹ̀ ní “reshuffle” síbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wọn lẹ́nu, n kò sì ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ ka ìròyìn náà dé ìsàlẹ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá kí òun kọ “pààrọ̀ ipò” tàbí kí òun kọ “tún tò”.

“Overhaul” ni ti àwọn mẹkáníìkì. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu ọ́ìlì lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, tó gbọ́ ohùn rẹ̀, tó mi orí, tó ní àfi kí òun sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọjá kí á yí ìdè kan le. Yóò tú u sí wẹ́wẹ́, yóò fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò pààrọ̀ èyí tó ti jẹ, yóò sì tò ó padà. Ìdí nìyẹn tí “overhaul” fi bá ohun èlò, òfin àti ètò mu ju ènìyàn lọ. Òfin owó orí 4 tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2025 jẹ́ “overhaul of the tax system”. A lè ṣe irú rẹ̀ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kúrò lórí àga rẹ̀. “Shake-up” ní tirẹ̀ kan ènìyàn gan-an: ẹ óò máa gbọ́ ìró àga tí wọ́n ń fà nílẹ̀.

“Restructuring” ni ó le jù ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bí kò ṣe nítorí Yorùbá rẹ̀. Àwọn òṣèlú àti àwọn ẹgbẹ́ wa ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pariwo “restructuring”, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí agbára àti owó kúrò ní àárín lọ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ tàbí ẹkùn. Àwọn tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn sì ti sọ ọ́ di “àtúntò”. Nígbà tó yá, “àtúntò” di ọ̀rọ̀ tó ní olówó orí. Bí ẹ bá kọ “Àtúntò bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá”, ìdajì àwọn tó ń gbọ́ yóò rò pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ni wọ́n fẹ́ tún kọ. Ọ̀nà àbáyọ kò le: ẹ má ṣe fi “àtúntò” sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ máa so orúkọ ohun tí wọ́n tún tò mọ́ ọn, bí “àtúntò ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá” tàbí “àtúntò ìgbìmọ̀ olùdarí”. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ gbèsè náà ń lo “restructuring”, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kí wọ́n tún àdéhùn sísan gbèsè ṣe; ìyẹn kò bá tiwa yìí tan rárá.

Àwọn yòókù kò gba àkókò. “Purge” ni gbígbá ènìyàn dànù lọ́pọ̀lọpọ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1975 nígbà tí ìjọba Murtala lé òṣìṣẹ́ ọba tó ju 10,000 lọ. “Shake-out” ni kí àwọn aláìlera kúrò nínú òwò kan kí àwọn tó lágbára ṣẹ́kù, bí obìnrin ṣe ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ìrẹsì Ọ̀fàdà: ní oṣù keje ọdún 2004, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ní kí bánkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdókòwò tó tó bílíọ̀nù 25 náírà, nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, bánkì 89 ti di 25. “Shakedown”, bí ó tilẹ̀ jọ wọ́n lójú, ni kí ẹnìkan fi ipá tàbí ìdẹ́rùbà gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe fi í sí ibi tí gómìnà wà, àyàfi bí ẹ bá ní agbẹjọ́rò.

Ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà tún ṣe pàtàkì. “Shake-up” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró síta tó ń wò. Akọ̀ròyìn ń lò ó, òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rù ń bà ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ẹgbẹ́ alátakò ń lò ó. Àwọn tó ń ṣe é kì í sábà pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ yọ gbogbo ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì NNPC, tó sì fi Báyọ̀ Òjúlàrí jẹ ọ̀gá àgbà tuntun dípò Mele Kyari, irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni akọ̀ròyìn lè pè ní “shake-up” láìṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Òkè-Mọ́sàn, tí ọ̀gá yín ní kí ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn òṣìṣẹ́ nípa àyè tuntun tí wọ́n fi wọ́n sí, ẹ kọ “reorganisation” tàbí “redeployment”. Akọ̀wé tó bá kọ “shake-up” sínú ìwé àṣẹ ti sọ fún òṣìṣẹ́ pé ọ̀gá ń fi wọ́n ṣeré, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà kò ní wúwo tó níwájú adájọ́ bí ó bá di ẹjọ́.

Ó wá ku bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀-orúkọ náà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti sọ ìṣe di orúkọ kí ó tó gbé e síwájú gbólóhùn. Yorùbá fẹ́ràn kí ẹnìkan ṣe nǹkan. “The governor is planning a cabinet shake-up” yóò wá di “Gómìnà ń gbèrò láti tún ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀ tò látòkè délẹ̀”. “Látòkè délẹ̀” yẹn ni ó gbé bí ó ti tóbi tó, kò sì sí ìdí láti tún fi “ńlá” kún un. Bí akọ̀wé eré ìdárayá bá ní “The club needs a shake-up”, ẹ lè sọ pé “Ó yẹ kí wọ́n tú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà palẹ̀, kí wọ́n sì tún un tò”. Níbí ni kí ẹ ti là á sọ́tọ̀ láàárín “tú palẹ̀” àti “tú ká”. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n tú ká ti lọ, kò sí mọ́. Èyí tí wọ́n tú palẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá dìde. Mo ti rí i tí wọ́n fi “tú ká” túmọ̀ àtúntò ẹgbẹ́ kan, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì wá ń béèrè bí wọn yóò ṣe gba owó àjọ wọn padà.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò ní àtúntò nínú rárá. “Our new manager shook us up” lè túmọ̀ sí pé ó rí wa pé à ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ta wá jí, láìgbé ẹnikẹ́ni kúrò nípò. “Ọ̀gá wa tuntun ta wá jí” tó, ó sì dùn létí. Ohun tó wà ṣáájú àti lẹ́yìn gbólóhùn ni yóò sọ èyí tó jẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò yẹ kí ẹ fi sí i ni ìmìtìtì, tí ó ti kó wa sí wàhálà lẹ́ẹ̀kan, ìdàrúdàpọ̀ àti rúkèrúdò, nítorí pé àwọn méjì yìí ń sọ pé ètò bàjẹ́ tàbí pé ìlú kò fararọ. “Gbọn ìjọba jìgìjìgì” náà kò dára: ẹni tó gbọn ìjọba jìgìjìgì ní Yorùbá ń bá ìjọba jà ni, nígbà tí “shake-up” jẹ́ ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ sábà máa ń pa láṣẹ. “Àyípadà” nìkan kò ní ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú ọjọ́ náà a máa yí padà. Bí ẹ bá sì ń bá ara yín sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, tí ẹ kàn ní ṣéèkì-ọ̀ọ̀pù ń bọ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí ẹ ń sọ. Orí afẹ́fẹ́ àti inú ìwé ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Akọ́ṣẹ́ wa ọjọ́ náà tún ìròyìn rẹ̀ kọ fún ti ìrọ̀lẹ́. Àkọlé rẹ̀ di “Ìjọba tún iṣẹ́ ọba tò látòkè délẹ̀”, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sì sọ iye àwọn akọ̀wé àgbà tí wọ́n gbé láti ibì kan sí òmíràn, iye àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ẹ̀ gùn ju ti àárọ̀ lọ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a sì fi jì í. Bàbá Láfẹ́nwá tún pè wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó béèrè lọ́tẹ̀ yìí ni bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n òun wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé.